Seaman àbí fireman ní Coast Guard Amẹ́ríkà: ohun tí ojú mi rí nídìí ẹ́ńjìnnì

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní green card ni ìwé rẹ, o ti yege ASVAB, ìdánwò ìwọṣẹ́ ológun, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wàá wọ Cape May fún ọ, ibùdó tí Coast Guard, àwọn ológun tó ń ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, ti ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Recruiter rẹ, ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́ ológun, ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín seaman (ọmọ iṣẹ́ orí déèkì) àti fireman (ọmọ iṣẹ́ ìdí ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe panápaná), pé kí o ṣáà mú èyí tó bá wù ọ́. O tún ní o kò lè lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, àti pé ìdí jẹnẹrétọ̀ lo ti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní Mushin. Ọ̀rọ̀ recruiter yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí, torí ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn.

Owó kan náà ni lóòótọ́. Ipò E-2 ni E-2, ipò E-3 ni E-3, ì báà jẹ́ orí déèkì ni wọ́n fi ọ́ sí tàbí nídìí ẹ́ńjìnnì. Àwọ̀ ìlà apá aṣọ ló yàtọ̀: funfun fún seaman, pupa fún fireman. Ṣùgbọ́n ibi tí wàá ti máa lo wákàtí rẹ, afẹ́fẹ́ tí wàá máa mí símú, àti iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ yóò mọ̀ lọ́jọ́ tí o bá bọ́ aṣọ yẹn sílẹ̀, kò sí èyí tó jọra nínú wọn. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó tutù, tí wọ́n ń fi iye èèyàn tó kó wọlé díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, kò ní í sọ ìyẹn fún ọ.

Cape May kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ 8 ni, ariwo ni, oorun kì í tó. Ní ti omi, wàá fò láti orí pátákó tó ga ní mítà kan àbọ̀ sínú adágún, wàá lúwẹ̀ẹ́ mítà 100, wàá sì léfòó fún ìṣẹ́jú 5 láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ati seaman ati fireman ló ń ṣe é. Wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àdúgbò rẹ, kí o sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Seaman ló máa ń di ìdarí ọkọ̀ mú lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá tó wà lórí bridge, yàrá tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀. Òun ló ń ṣe alóre lóru, tó ń wo òkun bóyá iná ọkọ̀ kan á yọ. Òun ló ń fa okùn nígbà tí ọkọ̀ bá ń gúnlẹ̀, òun ló ń sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀ sójú omi. Nígbà tí gbogbo ìyẹn kò bá sí, needle gun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbá ìpẹtà kúrò lára irin, lẹ́yìn náà ó kun ún lọ́dà. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á. Bí wọ́n bá gbé e sí ọkọ̀ dúdú, àwọn tó ń tọ́jú bọ́ì ojú omi, ṣéènì àti kọnkéré ńlá ni yóò máa bá wọ̀yá ìjà. Ibẹ̀ léwu, ìka èèyàn lè lọ síbẹ̀ kó tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n seaman ń rí ojú ọ̀run.

Fireman kì í rí i. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé mi sí ti wà lórí omi kí wọ́n tó bí mi. Coast Guard ṣì ń lo àwọn ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 210 tí wọ́n kàn láwọn ọdún 1960. (Kí ó má yà ọ́ lẹ́nu: NNS Thunder àti NNS Okpabana tí ọmọ ogun ojú omi wa ní Nàìjíríà ń lò, ọkọ̀ Coast Guard ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Chase àti Gallatin ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n tó fún wa lọ́dún 2011 àti 2014.) Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí o bá wà lẹ́nu ìṣọ́, wàá mú tọ́ọ̀ṣì àti ìwé, wàá yí yàrá ẹ́ńjìnnì ká. Wàá kọ ìgbóná omi, pressure ọ́ìlì, iye dísù tó kù nínú táńkì, wàá wò ó bóyá omi òkun ń wọlé níbi tí irin tó ń yí propeller ẹ̀yìn ọkọ̀ ti jáde. O fi fóòmù dí etí, o tún gbé ìborí etí lé e, síbẹ̀ ariwo yẹn ń wọ inú eegun. O kò lè bá ẹni tó dúró tì ọ́ sọ̀rọ̀, ọwọ́ lẹ fi ń júwe.

Ní ojú omi Caribbean, fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọ ibẹ̀ bàjẹ́. Wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé béèrè ẹ̀yà rẹ̀. Ìrìnàjò yẹn parí, fáànù kò dé. Irin ibi tí mo ń di mú bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ àkàsọ̀ gbóná débi pé mo ní láti wọ ìbọ̀wọ́. Nínú ooru yẹn ni wọ́n ní kí àwa fireman lọ fọ ikùn ọkọ̀. Wàá ṣí pátákó irin tí ẹ ń tẹ̀, wàá dojú bolẹ̀ wọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, àkísà lọ́wọ́, kẹ́míkà tó ń fọ epo ń rùn sí ọ nímú, òkun sì ń gbé ọkọ̀ lọ gbé e bọ̀. Mo bì sínú bákẹ́ẹ̀tì tí mo ń fún àkísà sí. Mo jáde, mo fọ ẹnu, mo padà wọlé. Omi elépo yẹn kò ṣeé dà sókun bó ṣe wù yín, òfin àgbáyé ní kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 15 epo nínú mílíọ̀nù kan lọ, nítorí náà ọwọ́ la fi ń kó èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀gá tó yẹ kó wá wo ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ kò sọ̀kalẹ̀ rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àyẹ̀wò, òun ló ń tọ́ka sí ibi tó dán.

Etí mi òsì ṣì ń hó títí di òní. Gbọ́ èyí dáadáa: gbogbo ìgbà tí etí rẹ bá hó, ẹsẹ̀ rẹ bá yẹ̀, ẹ̀yìn bá dùn ọ́, lọ síwájú oníṣègùn ọkọ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìlera rẹ. Bí kò bá sí nínú ìwé, ní ojú VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Ó máa ń ṣòro kí wọ́n tó gba àlàyé ẹnu lásán.

Ọ̀rọ̀ ìwé mìíràn tún wà. Ìwọ tí green card wà lọ́wọ́ rẹ, àwọn iṣẹ́ kan wà tí o kò lè dé, àfi bí o bá di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà: ET (àtúnṣe ẹ̀rọ rédíò àti rádà), IT (kọ̀ǹpútà), OS (yàrá ìṣàkóso iṣẹ́), IS (ìwádìí àṣírí), gbogbo wọn ló ń fẹ́ ìwé àṣẹ àṣírí. Òfin gba ológun láyè láti kọ N-400, fọ́ọ̀mù tí a fi ń tọrọ ìwé ọmọ ilẹ̀, láìsan kọ́bọ̀, láti 11 September 2001 ló sì ti ń gba àwọn tó bá sìn pẹ̀lú ọlá láyè láìdúró ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n N-426, fọ́ọ̀mù tó ń jẹ́rìí pé ológun ni ọ́, ni ọ́fíìsì rẹ gbọ́dọ̀ buwọ́ lù. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ọkọ̀ wa ni tèmi sùn sí. Mo béèrè, wọ́n ní ọ̀gá kò sí nílé. Mo tún béèrè, wọ́n ní fọ́ọ̀mù ti pẹ́, kí n mú tuntun wá. ET ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Coast Guard ní Petaluma, California. Àwọn tí a jọ dé ti lọ, èmi ṣì ń fọ ikùn ọkọ̀. Mú ẹ̀dà mẹ́ta dání, kọ ọjọ́ tí o fi sílẹ̀ àti orúkọ ẹni tó gbà á, kí o sì bá chief rẹ sọ ọ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

A-school, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ kan pàtó, o ti mọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀. BM (iṣẹ́ orí déèkì àti ìdarí ọkọ̀), MK (ẹ́ńjìnnì), EM (iná mànàmáná) àti DC (pípa iná àti àtúnṣe ara ọkọ̀), Yorktown ní Virginia ni gbogbo wọn. Àwọn mìíràn ń ti Cape May lọ tààrà báyìí. Bí wọ́n bá ṣèlérí ìyẹn fún ọ, kó wà nínú ìwé tí o buwọ́ lù, má gbà á lẹ́nu recruiter.

Bí mo ṣe rí i nìyí. Bí ó bá jẹ́ pé dídarí ọkọ̀ ló wù ọ́, tí o sì fẹ́ di kápútéènì tọ́ọ̀gì tàbí fẹ́rì lọ́jọ́ iwájú, mú seaman, kí o lé BM. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ sípánà láti Mushin, ibi fireman ló bá a mu. MK tàbí EM tó bá jáde kì í pẹ́ ríṣẹ́ lórí ilẹ̀. Èmi gan-an, jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn ni mò ń tọ́jú báyìí, owó rẹ̀ ló sì ń sanwó ilé. Ooru àti epo ni wàá fi san án.

Nígbà tí wọ́n bá ní kí o kọ ibi tó wù ọ́, kọ ibùdó ọkọ̀ kékeré ṣáájú ọkọ̀ ńlá. Fireman ibẹ̀ ń sùn lórí ilẹ̀, ó ń tú ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀sán, ó sì lè kọ́ iṣẹ́ inú ọkọ̀ ìgbàlà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti fún ọ ní ibi iṣẹ́, wá kọ orúkọ rẹ̀ síbí, kí n sọ irú ẹ́ńjìnnì tí wàá bá níbẹ̀ fún ọ.