Kò sí mágínẹ́ẹ̀tì lábẹ́ Bleaklow: ẹ mú kọ́ńpáàsì yín dání

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Manchester, mọ́kànlá ni wá, a fẹ́ lọ wo bàálù àwọn ará Amẹ́ríkà tó já sórí òkè Bleaklow láyé ọjọ́un. Sátidé tó ń bọ̀ la fi sí. Fídíò kan tí a wò ní mágínẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ òkè yẹn tó ń fa bàálù wálẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí àwókù bàálù fi pọ̀ níbẹ̀, pé kọ́ńpáàsì kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá, fóònù nìkan ni kí èèyàn gbójú lé. Ìyá ọ̀kan nínú wa sì ní ẹ̀mí àwọn tó kú ló ń rìn kiri ibẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kánfáàsì lè gbé wa dé ibẹ̀? Ṣé a lè mú irin kékeré kan bọ̀ fún ìrántí?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo kí gbogbo yín. Kánfáàsì, rárá. Irin, ẹ má fọwọ́ kàn án, màá sọ ìdí ẹ̀. Ti ẹ̀mí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná. Mágínẹ́ẹ̀tì yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹrin tó máa bi mí láàárín oṣù méjì, irú fídíò kan náà ni gbogbo yín sì ti ń gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ irọ́ apanilẹ́rìn-ín lásán ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín kí n sì kọjá lọ. Àmọ́ irọ́ tó ń ní kí èèyàn fi kọ́ńpáàsì sílẹ̀ nílé kó tó gun Bleaklow ní oṣù Kọkànlá, ẹni tó ń pa á ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1948 ni. Bàálù ológun kan, B-29, oní-ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, gbéra ní Scampton ní Lincolnshire, ó ń lọ sí Burtonwood, ibùdó àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lẹ́bàá Warrington. Ìrìn tí kò tó ìdajì wákàtí ni. Over Exposed lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, torí bàálù ayàwòrán ni. Ó wà lára àwọn tó ya àwòrán bọ́ǹbù átọ́míìkì tí Amẹ́ríkà dán wò ní erékùṣù Bikini, nínú òkun Pàsífíìkì, ní 1946. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, lẹ́tà àti owó oṣù àwọn sójà ló kó. (Ẹni tó bá ti ń ro ti owó, kò sí níbẹ̀ mọ́ o.) Èèyàn mẹ́tàlá ló wà nínú ẹ̀. Kò sí ẹyọ kan tó yè é.

Àwọn òkè Peak District, tí Bleaklow wà lára wọn, ló dábùú àárín Scampton àti Burtonwood, àwọsánmà sì ti bò wọ́n lórí lọ́jọ́ náà. Nígbà yẹn, bí páílọ́ọ̀tì ò bá rí ilẹ̀, ìṣirò ló kù: eré tí à ń sá rèé, apá ibi tí à ń dorí kọ rèé, ìṣẹ́jú tí a ti lò rèé, a jẹ́ pé ibi báyìí la wà. Bí atẹ́gùn bá ń ta kò wọ́n ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ìṣirò ti dàrú nìyẹn, wọn ò sì ní mọ̀. Bí ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì ní Èkó tó ń lọ Ìbàdàn, tí gbogbo fèrèsé dúdú, tó kàn ń wo aago: "Ó yẹ ká ti dé." Ló bá bẹ́ sílẹ̀, ó wá bá ara ẹ̀ ní Ṣàgámù. Ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí gbà ni pé àwọn mẹ́tàlá yẹn rò pé àwọn ti ré òkè kọjá, wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ gba inú àwọsánmà kí wọ́n lè fojú kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Higher Shelf Stones, ọ̀kan lára ṣóńṣó orí Bleaklow, tó ga ní 621 mítà, ni wọ́n bá níwájú.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọ́n fi pọ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n pọ̀. Lancaster kan, bàálù ajubọ́ǹbù, tí àwọn ará Kánádà mẹ́fà wà nínú ẹ̀ já sí James's Thorn, ìtòsí ibẹ̀ náà, ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 1945. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje, C-47 ti Amẹ́ríkà, bàálù akẹ́rù, já sí Shelf Moor níbẹ̀ náà pẹ̀lú èèyàn méje. Bí ọkọ̀ mẹ́ta bá kó sí kòtò kan náà lójú títì, ta ni yóò ní mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú kòtò? Ẹ ó béèrè pé ọkọ̀ mélòó ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ṣé òru ni, ṣé iná wà lára wọn. Pápá bàálù ló kún ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn àwọn òkè yìí nígbà ogun, àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bàálù wíwà ló ń fò lórí wọn tọ̀sántòru, àwọsánmà sì fẹ́ràn orí òkè. Àlàyé tó wà níbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá mú mágínẹ́ẹ̀tì ara fíríìjì yín, ẹ fi kan agolo mínírà. Kò lẹ̀ mọ́ ọn, àbí? Irú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, alumíníọ̀mù, ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù lára bàálù. Mágínẹ́ẹ̀tì tí kò lè fa agolo ló fẹ́ fa B-29 láti ojú ọ̀run? Òkúta Bleaklow pàápàá, òkúta oníyanrìn ni, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ṣe ọlọ ńlá láyé àtijọ́. Kò ní agbára kankan lórí kọ́ńpáàsì. Òkè tí òkúta rẹ̀ ń da kọ́ńpáàsì láàmú wà lóòótọ́ o: Cuillin ni, ní erékùṣù Skye ní Scotland. Bóyá ibẹ̀ ni ẹni yẹn ti gbọ́ fìrí.

Àmọ́ mo mọ ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí mo mú lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá gbé kọ́ńpáàsì rẹ̀ lé orí ẹ́ńjìnnì kan. Abẹ́rẹ́ náà yí bìrí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i!" Mo ní kó gbé e, kó rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kúrò níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà rọra padà, ó dúró sí àríwá. Nínú ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ táyà bàálù, irin gidi wà, irin gidi sì ń fa abẹ́rẹ́ tó bá sún mọ́ ọn. Inú ọmọ náà dùn pé òun ti mọ àṣírí. Ló bá ki kọ́ńpáàsì bọ inú àpò kan náà tí fóònù rẹ̀ wà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Fóònù ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú, ìdí ẹ̀rọ tó ń gbóhùn jáde ló wà. Bí ẹ bá fi kọ́ńpáàsì jókòó tì í pẹ́, abẹ́rẹ́ lè yí padà pátápátá, kó máa pe gúúsù ní àríwá. Mágínẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù lórí Bleaklow nìyẹn, àpò ara yín ló sì wà.

Nǹkan tó pa àwọn mẹ́tàlá yẹn, òun náà ni mò ń bẹ̀rù fún yín. Àwọsánmà ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbéra láti òkè Snake Pass, lójú ọ̀nà A57, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó 500 mítà tẹ́lẹ̀. Ẹ ó tọ Pennine Way, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan, lọ sí àríwá. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tò sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó rọrùn, inú yín á dùn, ẹ ó máa ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ẹ ó yà kúrò lójú ọ̀nà sí apá ìwọ̀ oòrùn, ibẹ̀ ni orin máa ń yí padà. Ilẹ̀ dúdú rírọ̀ ni, peat ni wọ́n ń pè é: ewéko tó kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí kò jẹrà tán, tó fa omi mu bíi kànìnkànìn. Omi ti gbẹ́ ẹ di gọ́tà-gọ́tà, òmíràn ga ju orí èèyàn lọ. Ẹ ó wọ inú ẹ̀, ẹ ò ní rí iwájú. Ẹ ó gun òdìkejì, ẹ ó bá òmíràn. Ipa ẹsẹ̀ wà káàkiri, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sọnù ló ni púpọ̀ nínú wọn.

Kí àwọsánmà wá bọ́ sílẹ̀. Kò ní kó yín láyà sókè: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ò rí ìdí àwókù bàálù tí ẹ ti ń ya fọ́tò mọ́. Láti ibẹ̀, mọ́tò yín ò ju nǹkan bí kìlómítà méjì lọ bí ẹyẹ bá fò ó, gúúsù gbọnrangandan. Ìyẹn gan-an ló burú, torí fóònù á fi hàn yín pé ó ti dé tán, ẹ ó bá dorí kọ ọ́ tààrà, àfonífojì Crooked Clough á sì wà láàárín. Ọ̀nà tí ẹ gbà wá ni kí ẹ gbà padà. Ìṣirò "a ti rìn fún ogójì ìṣẹ́jú, ó yẹ ká ti dé" kò gba páílọ́ọ̀tì là, kò ní gba ẹ̀yin náà.

Mi ò bú fóònù o. Ó mọ ibi tí ẹ wà, ó dáa, ẹ gbé e dání pẹ̀lú bátìrì àfikún. Ṣùgbọ́n òtútù máa ń mu bátìrì gbẹ, ojú fóònù tó tutù kì í gbọ́ràn sí ìka tó ti kú. Máàpù bébà ti Ordnance Survey, àwọn tó ń ya máàpù ilẹ̀ Bìrìtìkó, èyí tí wọ́n pè ní OL1, ni ẹ rà, àti kọ́ńpáàsì tó dáa, kí èèyàn méjì ó kéré tán mọ̀ ọ́n lò. Mi ò ní kọ ìwọ̀n ibi tí ẹ ó dorí kọ síbí fún yín. Bí mo bá kọ ọ́, ẹni tí kò mọ kọ́ńpáàsì lò á dà á kọ, á sì ní èmi ni mo rán òun. Ẹ má ka gbogbo ohun tí mo kọ yìí sí pé mo ti bá yín lọ. Mi ò mọ ìlera ẹnikẹ́ni nínú yín, mi ò sì mọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí.

Ti aṣọ: bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, aṣọ òjò tókè-tilẹ̀, fìlà, ìbọ̀wọ́, oúnjẹ ju èyí tí ẹ lè jẹ tán, tọ́ọ̀ṣì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ sí jíìnsì. Bí jíìnsì bá tutù, ó tutù nìyẹn. Orí òkè yẹn máa ń fi nǹkan bíi dígírì mẹ́rin tutù ju Manchester lọ kí a tó ka atẹ́gùn, oòrùn sì ti wọ̀ kí aago márùn-ún tó lù lásìkò yìí. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí, tó ń kọsẹ̀, òtútù ti wọ inú ẹ̀. Ẹ má bá a ṣàwàdà, ẹ wọ aṣọ gbígbẹ fún un, ẹ bò ó mọ́ra, kí ẹ sì pe 999. Ọlọ́pàá ni kí ẹ béèrè, kí ẹ wá sọ pé mountain rescue, àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè, lẹ ń fẹ́. Àwọn yẹn kì í gba kọ́bọ̀, ọ̀fẹ́ ni àwọn fúnra wọn náà ń ṣe é. Bí fóònù ò bá gbé ohùn, ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí 999, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú: ẹ tẹ "register" ránṣẹ́ sí 999 lónìí. Ẹ mú fèrè bíi ti rẹfirí. Fífọn mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fọn.

Irin tí ẹ fẹ́ mú: òfin kan wà láti 1986 tó dáàbò bo àwókù bàálù ológun. Ẹni tó bá tú u tàbí tó kó o láìgba ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogun, ó lè dé kóòtù. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ lè bi lọ́yà yín léèrè, ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá mú lọ tó bá ki irin bọ àpò, yóò yọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú mi.

Ti ìyá yẹn, ẹ bá mi kí wọn. Iye ìgbà tí mo ti débẹ̀ kò lóǹkà, àgùntàn ni mo rí. Mo tún rí àwọn àgbélébùú onígi kéékèèké olódòdó pupa tí àwọn èèyàn ń rì mọ́ ìdí òkúta ìrántí tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1988. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ gbàdúrà, ẹ má gun ẹ́ńjìnnì ya fọ́tò. Ọmọ èèyàn ló kú síbẹ̀. Àdúrà yín kò sì ní kí ẹ má mú máàpù.

Sátidé yìí, tí ó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní lọ: mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó mọ kọ́ńpáàsì lò, ọ̀gìnnìtìn ti ń wọlé. Ẹ lọ sí Heaton Park dípò ẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú igi kan tó jìnnà, kó fi kọ́ńpáàsì wọn ibi tó wà, kó wá máa wo abẹ́rẹ́ nìkan lọ, kó má gbójú sókè títí yóò fi sọ pé òun ti dé. Ẹ ó rí bí èèyàn ṣe ń yà bàrá láìmọ̀. Ẹ ṣe é títí ẹ ó fi máa bá ara yín ní ìdí igi náà gan-an. Lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé sí mi, ká jọ mú ọjọ́ kan ní oṣù Karùn-ún.