Bàbá ọmọ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, kò sì sí nítòsí: báwo ni a ṣe ń gba ìwé ọmọ?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ti pé ọdún 10, Èkó ni mo bí i sí. Ọmọ Amẹ́ríkà ni bàbá rẹ̀, a ò ṣègbéyàwó, ó sì ti padà sí Houston. Ó máa ń gbé ìpè mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè ráyè wálé. Ẹnì kan ní kí n ṣáà gba fọ́ọ̀mù DS-3053 lọ́wọ́ rẹ̀, pé ìyẹn ti tó. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Kò tó. DS-3053 ni bàbá fi ń sọ pé òun yọ̀ǹda kí wọ́n fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní páásípọ́ọ̀tù. Kò fi hàn pé ọmọ náà jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà rárá. Ìyẹn gan-an sì lẹ máa kọ́kọ́ fi hàn, kí kọ́ńsúlètì tó lè fún un ní CRBA, ìwé tó ń jẹ́rìí pé láti ọjọ́ ìbí ni ọmọ tí a bí sẹ́yìn odi Amẹ́ríkà ti jẹ́ ọmọ ibẹ̀.

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ bi bàbá rẹ̀ pé ìgbà wo ló di ọmọ Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ìbí ọmọ ló búra láti di ọmọ ibẹ̀, ọmọ kò rí i jogún nígbà ìbí, kò sì sí CRBA fún un. Fọ́ọ̀mù I-130 ni bàbá yóò fi bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ lè gba físà ìgbélùú. Ọ̀nà mìíràn pátápátá nìyẹn.

Bó bá ti jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kí ẹ tó bímọ, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé kí ọmọ tó dáyé, òun ti lo ọdún 5 ní Amẹ́ríkà, kí ọdún 2 ó kéré tán nínú rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn tí òun pé ọdún 14. Àwọn ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà. Ìgbà tó fi wá ṣọdún nílé kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tó fi wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí green card wà nínú rẹ̀. Àbájáde ilé-ìwé, ìwé W-2 (tí agbanisíṣẹ́ fi ń kọ owó-oṣù òṣìṣẹ́ sílẹ̀), àkọsílẹ̀ Social Security àti páásípọ́ọ̀tù àtijọ́ tó ní òǹtẹ̀ ló lágbára jù. Ìwé owó-orí nìkan kì í tó, torí pé èèyàn lè san owó-orí Amẹ́ríkà láti ibikíbi.

Ibi tó le jù fún yín ni pé ẹ ò ṣègbéyàwó. Òfin ní kí bàbá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣèlérí nínú ìwé pé òun yóò máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 18, kó sì fi ìbúra jẹ́wọ́ pé òun ló bí i, tàbí kí ilé-ẹjọ́ dájọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ parí kí ọmọ tó pé ọdún 18. Lọ́kọláya lè máa wá ìwé ẹ̀rí fún ọmọ tiwọn lẹ́yìn ọdún náà, wọn ò kàn ní rí CRBA gbà mọ́ ni. Àmọ́ tiyín yóò bọ́ pátá bó bá kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi falẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tó kó ìbúra, ìlérí àti àwọn ọjọ́ tí bàbá fi gbé Amẹ́ríkà pọ̀ ni DS-5507. Iwájú nótárì ni kó ti fọwọ́ sí i ní Houston, kó sì fi ojúlówó ránṣẹ́ sí yín. Kó má kàn kọ “1998 sí 2010” o. Kó kọ ọjọ́ tó jáde àti ọjọ́ tó wọlé, kó bá òǹtẹ̀ páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mu. Bí méjèèjì bá takora, ẹ ó kàn máa pààrà kọ́ńsúlètì ni.

Ní tiyín, ẹ wá ìwé ẹ̀rí ìbí láti NPC. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ fi káàdì aboyún, ìwé ilé ìwòsàn àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára kún un. Òǹtẹ̀ tó fi hàn pé bàbá wà ní Nàìjíríà nígbà tí ẹ lóyún wúlò gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò àti àtẹ̀jíṣẹ́ ìgbà náà. Ẹ má sáré ṣe àyẹ̀wò DNA fúnra yín, wọn ò ní gbà á. Bó bá pọn dandan, kọ́ńsúlètì ló máa dábàá rẹ̀, yàrá àyẹ̀wò tí AABB, àjọ tó ń fọwọ́ sí irú yàrá bẹ́ẹ̀, fọwọ́ sí ló sì máa ṣe é.

DS-2029 ni fọ́ọ̀mù CRBA, owó rẹ̀ jẹ́ $100. DS-11 ni ti páásípọ́ọ̀tù, $135. Ẹ má fọwọ́ sí i àfi níwájú òṣìṣẹ́ kọ́ńsúlètì. Ẹ mú ọmọ lọ. DS-3053 kì í lò ju oṣù 3 lọ, nítorí náà ẹ gba ọjọ́ ìpàdé ná kí bàbá tó fọwọ́ sí i níwájú nótárì, kó sì fi ẹ̀dà iwájú àti ẹ̀yìn káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ kún un.

Bí kò bá gbé ìpè yín mọ́ ńkọ́? DS-5525 lè dípò ìyọ̀ǹda rẹ̀ lórí páásípọ́ọ̀tù, bí ẹ bá ṣàlàyé kíkún nípa ìdí tí ẹ ò fi rí i bá. Kò lè dípò ìlérí bùkátà. Bó bá kú, ìlérí yẹn kò pọn dandan mọ́, ṣùgbọ́n ìbúra tàbí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ ṣì pọn dandan.

Torí náà, nígbà tó ṣì ń gbé ìpè yìí, DS-5507 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bí owó ìyókù kò tilẹ̀ tíì pé. Ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ojúlówó síbi tí omi ò ti ní kàn án.