Ẹjọ́ ọmọ ìyá ẹni: ṣé èèyàn lè ní òun ò jẹ́rìí?

Àǹtí tó ní ọlọ́pàá já ìwé ẹlẹ́rìí fún òun lórí ẹjọ́ bọ̀dá òun, tí màmá wọn wá ń sọ pé kò sẹ́ni tó lè fipá mú ọmọ ìyá kan jẹ́rìí ta ọmọ ìyá ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tẹ̀ lé ìyẹn o. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn níbí ní Ìkòròdú nígbà tí wọ́n mú àbúrò mi torí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan tó pòórá ní Èbúté, gbogbo ẹbí ní kí n sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ títí ẹjọ́ á fi parí. Òfin Nàìjíríà ò mọ ẹ̀gbọ́n ò mọ àbúrò, kò mọ ìyá kò mọ bàbá. Tí ìwé kóòtù bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ tẹ́ ẹ ò yọjú, májísíréètì lè ní kí wọ́n lọ gbé yín wá, gbogbo àdúgbò á sì rí i.

Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gan-an ló lè takú, ó wà nínú kọnsitítúṣọ̀n 1999, abala 36, òun ni àbúrò mi dì mú tó fi panu mọ́. Ìyàwó ẹ̀ náà ò jẹ́rìí, torí irú ẹjọ́ yẹn, àfi tí ọkọ bá fúnra ẹ̀ ní kí ìyàwó wá. Àwọn kan ń pariwo pé ṣebí wọn ò dé registry, ìdána lásán ni wọ́n ṣe, àmọ́ Evidence Act 2011, ìyẹn òfin tó ń darí ẹ̀rí jíjẹ́ ní kóòtù, ka ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti mùsùlùmí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìyàwó gan-an lọkọ lù, tàbí ó jí ẹrù ìyàwó, tàbí ó fipá bá èèyàn lò pọ̀, wọ́n lè mú ìyàwó jẹ́rìí tipátipá, kò sí pé ọkọ mi ni. (Wòlíì tẹ́ ẹ sọ àṣírí fún náà, òfin ò bò ó, lọ́yà yín lòfin bò, torí náà ẹ ṣọ́ ẹnu yín lórí òkè.)

Èmi lọ ní tèmi. Lọ́yà ti sọ fún mi ṣáájú pé màá dé inú àpótí ẹlẹ́rìí, màá búra, àmọ́ ìbéèrè tí ìdáhùn ẹ̀ bá lè sọ èmi fúnra mi di ọ̀daràn, mo lè ní mi ò dáhùn, abala 183 Evidence Act yẹn nìyẹn. Ó sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, torí pátì ẹ́ńjìnnì ni mò ń tà, ọlọ́pàá tó ń ṣe ẹjọ́ bi mí bóyá ẹrù yẹn dé ṣọ́ọ̀bù mi rí, mo yíjú sí májísíréètì mo ní mi ò fẹ́ dáhùn ìyẹn, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó kọ títí tí òógùn fi bò mí, ó wá ní kí wọ́n bi mí nǹkan míì. Òun ló ń pinnu ẹ̀ o, kì í ṣe ẹ̀yin. Nígbà tí wọ́n bi mí bóyá mo jẹ àbúrò mi lówó, mo tún fẹ́ dọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀, ó ní gbèsè kì í ṣe ọ̀ràn, kí n dáhùn, mo sì dáhùn níwájú gbogbo ẹbí tí wọn ò gbọ́ nípa owó yẹn rí.

Tẹ́ ẹ ò bá lówó lọ́yà, ìjọba Èkó ní OPD (Office of the Public Defender), ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ìjọba tó ń gbèjà aráàlú, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ò ní. Ẹ mú ìwé kóòtù yẹn dání lọ kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé.