Èsì: Ṣé ẹ̀yà Passamaquoddy ṣì wà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè pé ṣé ẹ̀yà Passamaquoddy, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti pa run ni. Rárá o, wọ́n wà dáadáa! Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà ni ẹ ó ti bá wọn, ní Sipayik létí òkun àti ní Indian Township. Àwọn kan wà ní New Brunswick ní Kánádà, torí ààlà tí òyìnbó fà ló la ilẹ̀ wọn sí méjì. Orúkọ wọn túmọ̀ sí àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja pollock.

Agbọ̀n wọn ló wù mí jù. Ìtàn àwọn Wabanaki, ìyẹn àpapọ̀ ẹ̀yà tí Passamaquoddy jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, sọ pé Koluskap, akọni inú ìtàn wọn, ta ọfà sí igi ash, èèyàn sì jáde láti inú rẹ̀. Igi yìí kan náà ni wọ́n fi ń hun agbọ̀n. Wọn kì í fi ayùn là á. Ẹ̀yìn àáké ni wọ́n fi ń lù ú jálẹ̀jálẹ̀, títí ara rẹ̀ yóò fi máa ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ní ìpele-ìpele tí igi náà fi ń sanra lọ́dọọdún. Ó dùn mí gan-an pé kòkòrò kan láti Éṣíà ti ń pa igi yìí.

Ní ti orin, ọdún 1890 ni Jesse Walter Fewkes, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, gba ohùn wọn sórí ìda, tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ nígbà náà, ní ìlú Calais ní Maine. Kò sí ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n gba ohùn tiwọn báyẹn ṣáájú. Àwọn ọmọ wọn ti ń tẹ́tí sí i báyìí, wọ́n sì ń kọ́ orin baba ńlá wọn padà.