Ta Ló Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀ Lórí Ìtàgé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. SS2 ni mo wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Mo ti há ìtumọ̀ soliloquy, monologue àti aside sórí, tí ẹ bá jí mi lóru màá kà á fún yín, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ látinú eré fún wa nínú ìdánwò pé ká sọ èwo ni èwo, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ṣì. Dramatic irony ò tiẹ̀ yé mi rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ìwé o. Híhá tó o há a yẹn gan-an ló ń dà ẹ́ láàmú, torí nínú nóòtù gbogbo wọn ló jọra, ẹnì kan ṣáà ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó o máa bi ara ẹ ni pé, ta ló ń gbọ́ ọ?

Wo ìyá kan tó ń gúnyán lálẹ́. Òun nìkan ló wà nílé ìdáná, bó ṣe ń gún un ló ń sọ ọ́: "Èmi ni mo ra bàtà ọmọ, èmi ni mo san owó ilé, ó dáa, kó ṣáà wọlé lónìí." Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, inú ẹ̀ ló ń tú síta. Soliloquy nìyẹn. Tí ọkọ bá wá dé, tí mọ̀lẹ́bí jókòó yí ká, tí ìyá yìí dìde rojọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tẹ́nikẹ́ni ò já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀, òun náà gùn, àmọ́ gbogbo ilé ló ń gbọ́. Monologue nìyẹn. Aside ní tiẹ̀ kì í gùn: ọkọ ní, "Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ìyàwó mi," ìyá yíjú sí àwa òǹwòran, ó ní, "Ohun tó sọ léṣìí náà nìyẹn." Àwa gbọ́, ọkọ tó dúró tì í ò gbọ́. Nílé, á gbọ́ o, ṣùgbọ́n lórí ìtàgé gbogbo wa la ti jọ gbà pé kò gbọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú àkámọ́ nínú ìwé eré ló sì máa ń sọ bóyá ó dá wà ni àbí ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀yin ọmọ iléèwé fẹ́ràn àtimáa fò ó, jọ̀ọ́ má fò ó mọ́.

Dramatic irony ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀. Mú The Gods Are Not to Blame tí Ọlá Rótìmí kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ lọ́dún 1968, látinú ìtàn Oedipus tí Sophocles ará Gíríìsì ti fi ṣeré láyé àtijọ́. Kí eré tó wọra, babaláwo ti sọ ọ́ pé ọmọ tí wọ́n bí yìí máa pa bàbá ẹ̀, á sì fẹ́ ìyá ẹ̀. Ọmọ yẹn ló wá pa ọba tó bí i, tó sì di Ọba Ọdẹ́wálé nílùú Kutuje, kò sì mọ̀. Ó dúró níwájú ará ìlú, ó fi Ògún búra pé òun á wá ẹni tó pa ọba àná rí, òun á dójú tì í, òun á fọ́ ọ lójú, òun á lé e kúrò nílùú. Àwọn ará Kutuje gbọ́ ọ̀rọ̀ akọni, àwa tá a jókòó nísàlẹ̀ mọ̀ pé ara ẹ̀ ló ń ṣẹ́ èpè fún. Ìgbà tí mo wò ó, ìyá àgbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ká ọwọ́ lérí, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Má búra, ọmọ, má búra." Ohun tí ìyá yẹn mọ̀ tí Ọdẹ́wálé ò mọ̀, òun là ń pè ní dramatic irony.

ÌBÉÈRÈ: Láti Ìjerò ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi kọ ọ́ pé tragedy ni eré tí èèyàn ti kú, tíṣà fa igi lé e. Ṣé kò ti le jù?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Tíṣà jàre, ẹ má bínú. Ọdẹ́wálé yìí kan náà ò kú níparí eré, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi fọ́ ojú ara ẹ̀, ó kó àwọn ọmọ ẹ̀, ó sì fi ìlú sílẹ̀, síbẹ̀ tragedy ni. Èèyàn pàtàkì ló gbọ́dọ̀ ṣubú, kí àléébù kan sì wà lára òun fúnra ẹ̀ tó ti í síbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní tragic flaw. Ti Ọdẹ́wálé, ìbínú ni. Ó bá bàbá àgbàlagbà kan àtàwọn èèyàn ẹ̀ tí wọ́n ń wa iṣu lóko ẹ̀ nítòsí Ẹdẹ, ẹ̀yin náà mọ bọ́rọ̀ iṣu ṣe máa ń rí lára wa l'Ékìtì, wọ́n tún wá bú ẹ̀yà ẹ̀ mọ́ ọn, ni inú bá ru, ló bá pa bàbá yẹn láìmọ̀ pé bàbá tó bí òun gan-an ni. Ká ní ó lè gbé ìbínú mì lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ sọ fún ọmọ kó fi oko iṣu yẹn ṣe àpẹẹrẹ nígbà tó bá ń ṣe kọrẹ́ṣọ̀n ẹ̀.