Ajá méjì, ọṣẹ kan

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá méjì ni mo ní. German Shepherd ni ọ̀kan, irun rẹ̀ pọ̀, ó sì kí. Boxer ni èkejì, irun tirẹ̀ kúrú, ó lẹ̀ mọ́ra. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń fi ọṣẹ ìwẹ̀ tiwa wẹ àwọn méjèèjì. Bí Boxer bá ti wẹ̀ tán, kó máa họra ló kù. Èyí tó nírun, kò ní pé ọjọ́ méjì tí yóò tún máa rùn. Ṣé kí n kúkú fá irun rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má fá a o. Màá dé orí ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Boxer ló yá jù.

Awọ ajá fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Ọṣẹ tí ń bọ́ ìdọ̀tí lára èèyàn yóò bọ́ òróró tó ń dáàbò bo awọ ajá pẹ̀lú, awọ á gbẹ, á máa yún un. Irun Boxer ò sì pọ̀ tó láti gba díẹ̀ nínú ìyà náà. Ẹ ra ọṣẹ olómi tí wọ́n ṣe fún ajá, tí kò ní òórùn líle, kí ẹ sì dín ìwẹ̀ kù sí bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Láàárín ìwẹ̀ méjì, búrọ́ọ̀ṣì onírọ́bà àti aṣọ tútù tó o. Bó bá ṣì ń họra, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ nítòsí ìrù bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń lá tàbí etí ló ń họ, ẹ gbé e wá, nítorí ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ló ń bá a lára jà. Irú ajá bẹ́ẹ̀ la tún lè ní kí ẹ máa wẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àmọ́ ọṣẹ olóògùn ni. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ yẹn gbọ́dọ̀ wà lára fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣàn án. Ẹ wo aago, ẹ má fojú díwọ̀n.

Ó ku onírun. Irun rẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì: irun òde tó le, àti irun inú tó rọ̀ bí òwú. Omi tó há sínú irun inú yìí ni mo fura sí pé ó ń rùn. Kí omi tó kàn án rárá, ẹ ya irun rẹ̀ dáadáa, pàápàá ẹ̀yìn etí àti ẹ̀yìn itan. Irun tó bá ta kókó, omi á tún mú un le sí i ni. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rin ín, kí ẹ fi ìka pín irun, kí ẹ rí i pé awọ gan-an ti tutù. Nígbà tí ẹ bá ń ṣàn án, ẹ má dáwọ́ dúró títí irun ò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́.

Gbígbẹ ló wá ṣòro jù, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń kánjú ṣe. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi gbo ó, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn tí kò gbóná sí i. Ẹ ki ìka bọ gbòǹgbò irun. Bí ó bá ṣì tutù, kò tíì tán. Mo ti rí ajá tó wẹ̀ láàárọ̀, tí egbò pupa olómi ti yọ sí i ní ìbàdí kílẹ̀ tó ṣú.

Ní ti fífá: irun yẹn kì í jẹ́ kí oòrùn jó awọ rẹ̀, ó sì ń dín ooru tó ń kàn án kù. Bí a bá fá a, ó lè hù ní pálapàla, nígbà mìíràn kó má tilẹ̀ hù padà bó ṣe wà. Irú ajá tí wọ́n ń pè ní Poodle ni irun rẹ̀ kì í dáwọ́ híhù dúró, òun la máa ń gẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kán oògùn eégbọn sí wọn lẹ́yìn ọrùn, ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó gbé garawa. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fẹ́ kí omi jìnnà sí ajá ní ọjọ́ méjì ṣáájú àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ẹ bá kán an.