Ẹgbàárùn-ún ọmọlẹ́yìn, oníbàárà kò sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Báàgì awọ ni mo ń tà lórí Instagram. Ọmọlẹ́yìn tèmi kò ju 600 lọ, ni ẹnì kan bá bá mi ra 10,000 kí ojú-ìwé mi lè jọ ti ẹni ńlá. Láti ìgbà yẹn, láìkì tí mò ń rí kò tó ti tẹ́lẹ̀, ọjà ò sì tà. Aago mélòó ló dára jù láti máa gbé àwòrán síta? Háṣítáàgì mélòó ni kí n máa lò? Àbí kí n kúkú ra 10,000 mìíràn, kí Instagram lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi jáde?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ aago àti háṣítáàgì tì ná. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ẹnu ara yín náà lẹ fi sọ ohun tó ń ṣe ojú-ìwé yín, níbi tí ẹ ti ní wọ́n bá yín ra ọmọlẹ́yìn. Ìdáhùn sí ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni: rárá. Ẹ má ra ẹyọ kan mọ́.

Ìbéèrè irú èyí kò wọ́n, ìgbàgbọ́ kan náà ló sì ń bí wọn: pé bí ọmọlẹ́yìn bá ti pọ̀, Instagram, Facebook tàbí TikTok á máa gbé ẹni náà jáde fún aráyé. Àwọn tó ń ta ọmọlẹ́yìn ló ń tan ọ̀rọ̀ yìí kálẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ètò kan wà tó ń pinnu ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan máa bá lójú fóònù rẹ̀ nígbà tó bá ṣí i; òun ni wọ́n ń pè ní algorithm. Bí ẹ bá gbé fídíò síta, kì í fi han gbogbo ọmọlẹ́yìn yín lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ fi han ìwọ̀nba èèyàn, á wá máa ṣọ́ wọn: ṣé wọ́n dúró wò ó, àbí wọ́n fi àtàǹpàkò tì í kọjá? Ṣé wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn? Adam Mosseri, olórí Instagram, sọ ọ́ ní gbangba ní 2025 pé ohun mẹ́ta ló wúwo jù: bí èèyàn ṣe pẹ́ tó nídìí fídíò náà, láìkì, àti fífi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ó ní láìkì wúlò díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tó ti ń tẹ̀ lé yín, nígbà tí fífi ránṣẹ́ wúlò sí i fún dídé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ yín rí. Ẹ wò ó dáadáa, iye ọmọlẹ́yìn kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láìkì náà gan-an, wọn kì í kàn kà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wò ó pé nínú iye èèyàn tó rí i, mélòó ló fi láìkì sí i.

Ẹ mú bírò. Nígbà tí ẹ ní 600, ká ní èèyàn 45 ló ń fi láìkì sí àwòrán kan. Ìdá 7.5 nínú 100 nìyẹn, ó sì dára púpọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ ra 10,000, àwọn 45 kan náà ti di 45 nínú 10,600. Kò tó ìdajì ẹyọ kan nínú 100. Ká wá ní algorithm kọ́kọ́ fi fídíò yín han 300 nínú wọn, tó sì ṣà wọ́n láìwojú: bí 17 péré ló máa jẹ́ èèyàn gidi. Àwọn 283 yòókù kò lójú tí wọ́n á fi wò ó. (Àpẹẹrẹ lásán ni 300 yẹn o. Instagram kì í kéde iye tirẹ̀, kì í sì í ṣà wọ́n láìwojú tó bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń wo ẹni tó ti ń bá yín ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ìṣirò náà dorí kọ nìyẹn.)

Ìdí nìyẹn tí láìkì yín fi dín kù. Instagram kò bá yín jà. Ẹ kó ère kún inú gbọ̀ngàn, ẹ wá ń retí àtẹ́wọ́.

Ta tiẹ̀ ni àwọn 10,000 yìí? Òmíràn jẹ́ àkáǹtì tí sọ́fítíwíà dá sílẹ̀, tí kò sí èèyàn kankan nídìí rẹ̀. Òmíràn jẹ́ ti èèyàn gidi tí wọ́n jí àkáǹtì rẹ̀, tí kò mọ̀ pé òun ń tẹ̀ lé oníbáàgì. Òmíràn sì wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń sanwó fún láti jókòó ti ọ̀pọ̀ fóònù kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnnì láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sí ẹni tó máa ra báàgì nínú wọn. Wọn ò tiẹ̀ ní dúró sójú kan, torí àwọn ilé-iṣẹ́ yìí máa ń gbá wọn dànù látìgbàdégbà. Ní oṣù Kejìlá 2014, Instagram pa àkáǹtì ayédèrú rẹ́ débi pé ọmọlẹ́yìn tí Justin Bieber nìkan pàdánù lé ní mílíọ̀nù 3. Twitter náà ṣe tirẹ̀ ní oṣù Keje 2018. Ẹni tó ta wọ́n fún yín kì í dá owó padà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Á ní kí ẹ ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ìyẹn FTC, fa ilé-iṣẹ́ Devumi àti ọ̀gá rẹ̀ lé ilé-ẹjọ́ lórí títa ọmọlẹ́yìn ayédèrú, ẹjọ́ náà sì yọrí sí ìdájọ́ mílíọ̀nù 2.5 dọ́là ní 2019. Láti oṣù Kẹwàá 2024, ìlànà àjọ náà kò gba títà àti rírà irú ọmọlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ láyè nídìí òwò, bí ẹni náà bá mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀ pé ayédèrú ni. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò; ohun tí òfin sọ níbi tí ẹ ti ń tajà, agbẹjọ́rò ni kí ẹ bi.

Èyí tó máa dùn yín jù ṣì ń bọ̀, ìyẹn ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó ìpolówó gidi. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì Boost tó ń sọ ohun tí ẹ gbé síta di ìpolówó, tí ẹ fi yíyan èèyàn sílẹ̀ fún Instagram, àwọn tó jọ ọmọlẹ́yìn yín ló máa wá kiri. Àwọn wo ni ọmọlẹ́yìn yín báyìí? Bákan náà ni ti Lookalike nínú Ads Manager, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìpolówó Facebook àti Instagram: ẹ máa ní kí Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni méjèèjì, bá yín wá àwọn tó jọ àwọn kan tí ẹ kó fún un, àwọn yẹn ni irúgbìn. Ó kéré tán, èèyàn 100 láti orílẹ̀-èdè kan náà lẹ gbọ́dọ̀ fi ṣe irúgbìn rẹ̀. Bí ayédèrú bá wà nínú irúgbìn, owó yín á máa tọ ayédèrú lẹ́yìn. Orúkọ àwọn tó ti sanwó rajà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fi ṣe irúgbìn, bí wọ́n bá ti pọ̀ tó, tí wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀.

Kí lẹ máa wá ṣe? Bí àkáǹtì yín kò bá tíì jẹ́ ti iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di ti iṣẹ́ nínú Settings, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Insights, ibi tí Instagram ti ń fi ìṣirò àkáǹtì yín hàn, ẹ wo ibi tí àwọn ọmọlẹ́yìn yín ti wá. Bó bá jẹ́ ìlú tí ẹ kì í fi ọjà ránṣẹ́ sí ló wà lókè, ẹ ti rí ẹ̀rí. Ẹ lè yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ ṣí orúkọ àwọn ọmọlẹ́yìn, ẹ tẹ Remove. Instagram kì í sọ fún ẹni tí ẹ yọ. Ẹ má yọ ọgọ́rùn-ún mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, kó má bàa dí yín lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ pé ẹ ń ṣe bí róbọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá ń yọ 50 lójúmọ́, ọjọ́ 200 gbáko ni 10,000 máa gbà. Nítorí náà, fún ẹni tí ọmọlẹ́yìn gidi rẹ̀ jẹ́ 600, èmi á kúkú ní kí ẹ ṣí àkáǹtì tuntun. Ẹ kéde rẹ̀ nínú Stories ti àtijọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì kọ̀wé ní ìkọ̀kọ̀ sí àwọn tó ti rajà rí. Bí 250 bá tẹ̀ lé yín lọ, wọ́n sàn ju ẹgbàárùn-ún ère lọ. Sọ́fítíwíà tó bá ní òun á bá yín yọ wọ́n bí ẹ bá ti lè fún òun ní páásíwọ́ọ̀dù, ẹ sá fún un.

Ó kù kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa fi pe èèyàn wá. Fídíò ni kí ẹ gbájú mọ́, èyí tó dúró lóòró, 1080 sí 1920. Kí báàgì hàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 3 àkọ́kọ́. Ẹ má fi orúkọ ilé-iṣẹ́ àti orin ṣáájú. Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra báàgì ń bi ara rẹ̀ ni kí fídíò dáhùn. Ṣé kọ̀ǹpútà mi máa wọ inú rẹ̀? Ẹ ki kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́ kí wọ́n rí i. Báwo ló ṣe tóbi tó? Ẹ gbé e kọ́ èjìká èèyàn, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ṣí síìpù, ẹ tì í, ẹ fi ojú rírán rẹ̀ hàn ní tòsí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sójú fídíò fún àwọn tí kì í tan ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, torí orúkọ àti bọ́tìnnì Instagram á bò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye owó síbẹ̀. "Ẹ wá sí inbox fún iye rẹ̀" ń lé ẹni tó ti fẹ́ ra lọ.

Háṣítáàgì 3 sí 5 tó, kí ó jẹ́ èyí tó sọ ohun tó wà nínú àwòrán. Ní ti aago, Insights máa ń fi wákàtí tí àwọn ọmọlẹ́yìn yín ń wà lórí ìkànnì hàn, àmọ́ lórí àkáǹtì yín ti báyìí, wákàtí àwọn ère ló ń fi hàn yín. Ẹ dúró de ti àkáǹtì tuntun.

Ẹni tó bá fẹ́ ra gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín ní títẹ̀ kan péré. Ẹ fi líǹkì WhatsApp sí ojú-ìwé yín: https://wa.me/ ni ẹ máa kọ, kí nọ́ńbà tẹ̀ lé e pẹ̀lú kóòdù orílẹ̀-èdè, láìsí àmì ìròpọ̀, láìsí òdo tó máa ń ṣíwájú nọ́ńbà. Òdo yẹn ló ń ba líǹkì ọ̀pọ̀ oníṣòwò jẹ́, wọ́n á sì rò pé kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fi ?text= kún ìparí rẹ̀, ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ de oníbàárà, bíi "Mo rí báàgì yín lórí Instagram" (líǹkì á fi %20 rọ́pò àlàfo). Kí ọ̀rọ̀ inú líǹkì ti Facebook yàtọ̀ sí ti Instagram, ẹ ó sì máa mọ ibi tí oníbàárà ti wá. WhatsApp Business ni kí ẹ lò. Katalọ́ọ̀gù rẹ̀ gba ọjà tó tó 500. Àkójọ broadcast kan, èyí tí ẹ fi ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, gba èèyàn 256, àwọn tó bá sì fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù wọn nìkan ló máa rí i gbà. Torí náà, bí ẹnì kan bá ti sanwó, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi nọ́ńbà yín pamọ́.

Nígbà tí ẹ bá tó sanwó ìpolówó, Ads Manager ni kí ẹ lò dípò Boost. Ohun tí ẹ bá ní ẹ ń wá gan-an ni Meta máa bá yín wá: bí ẹ bá ní láìkì, àwọn tó fẹ́ràn láti máa fi láìkì sí nǹkan ló máa kó wá. Ẹ yan títà, tàbí kí wọ́n kọ̀wé sí yín. Ó máa ń nílò bí èsì 50 láàárín ọ̀sẹ̀ kan kó tó mọ ẹni tó yẹ kó wá, nítorí náà ẹ má pín owó kékeré sí ìpolówó márùn-ún, ẹ má sì máa yí àwòrán padà lójoojúmọ́, torí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló máa padà sí. Lẹ́yìn náà ẹ pín iye tí ẹ ná sí iye báàgì tó tà. Bí èrè orí báàgì kan bá jẹ́ 100, tí ìpolówó sì ń jẹ 130 kó tó mú oníbàárà kan wá, ẹ dá a dúró. Ìlànà Meta máa ń yí padà, ẹ ka èyí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ ò sọ bóyá ẹni tó bá yín ra ọmọlẹ́yìn gba páásíwọ́ọ̀dù yín. Bó bá gbà á, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun nínú gbogbo èyí, ẹ yí i padà lónìí, ẹ lé gbogbo fóònù tí ẹ kò bá mọ̀ kúrò lórí àkáǹtì náà, kí ẹ sì tan ìdánimọ̀ onípele méjì (two-factor authentication) sílẹ̀, èyí tó máa ń béèrè kóòdù lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù.